Ẹnu Kì í Ṣe Asà: Òótọ́ àti Irọ́ nípa Kòkòrò Lára Ewéko Ajẹkòkòrò

Ẹni tó bá ra Venus flytrap ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà sábà máa ń gbà pé ọ̀rọ̀ kòkòrò ti tán nínú ilé òun. Ewéko tó ń jẹ eṣinṣin nìyí. Kòkòrò wo ló tún máa láyà láti sún mọ́ ọn? Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ewé tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní wíwọ́. Pańpẹ́ tó yẹ kó ṣí gbayawu á ká wọ ara rẹ̀ bí etí tó rọ. Bí a bá wá fara balẹ̀ wo àárín gbùngbùn ewéko náà, níbi tí ewé ọ̀dọ́ ti ń yọ, a ó rí wọn: kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ewé, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n tò jọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá, wọ́n ń fa oje. Aphid ni wọ́n. Ewéko tó ń jẹ kòkòrò, kòkòrò ti ń jẹ ẹ́.

Láàárín àwa tó fẹ́ràn àwọn ewéko wọ̀nyí, flytrap, sundew, butterwort, àti Sarracenia àti Nepenthes tí pańpẹ́ wọn rí bí ife, irọ́ tó ń jà ràn-ìn pọ̀ gan-an. Kì í ṣe irọ́ èké. Ìfẹ́ ló ń mú kí ènìyàn gba ẹnìkejì rẹ̀ nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ó ń pa ewéko. Ó dá mi lójú pé oògùn tí a fi ìkánjú fún ewéko ajẹkòkòrò a máa pa á yá ju kòkòrò tí a torí rẹ̀ wá oògùn lọ, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kó àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ wọ̀nyí jáde, kí a wò wọ́n dáadáa.

Irọ́: Ewéko tó ń jẹ kòkòrò, kòkòrò kò lè jẹ ẹ́

Ẹnu ni pańpẹ́ jẹ́ fún ewéko yìí, kì í ṣe asà. Ilẹ̀ tí flytrap ti wá, ìyẹn pápá olómi tó yí ìlú Wilmington ká ní North Carolina títí dé apá kan South Carolina, ilẹ̀ iyanrìn ni, ó kan, kò sì ní ọ̀rá. Naitrójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ohun tí gbòǹgbò kò rí nínú ilẹ̀ ni ewé ń wá nínú afẹ́fẹ́. Oúnjẹ ló ń wá. Kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irun mẹ́ta sábà máa ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan pańpẹ́ náà. Bí nǹkan bá kan irun lẹ́ẹ̀kan, ewé kò ní mira. Bó bá tún kàn án láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20, ewé á pa dé kí ojú tó ṣẹ́. Ní 2016, Rainer Hedrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Würzburg ní Jámánì fi hàn pé ewéko náà kò tíì ṣíwọ́ kíkà nígbà yẹn: ó gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ìfọwọ́kàn sí i, tó fi ń lọ sí bíi márùn-ún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi tó ń da oúnjẹ jáde. Ohun tó ń rìn, tó wúwo, tó ń jà fitafita ni ó ń dúró dè. Aphid kì í ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ẹ̀yìn ewé tàbí ìdí rẹ̀ ló ń jókòó sí, á ki ẹnu rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́ bọ iṣan ewé, á sì dúró síbẹ̀ bí onílé. Kódà bó bá ṣèèṣì wọ inú pańpẹ́ tó pa dé, ó lè gba àárín eyín rẹ̀ jáde. Charles Darwin, tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn ewéko wọ̀nyí jáde ní 1875, dá a lábàá pé torí kí kòkòrò kéékèèké lè sá lọ gan-an ni àlàfo eyín yẹn ṣe wà, nítorí wọn kò tó oúnjẹ tí ewé lè torí rẹ̀ pa ara dé fún ọjọ́ púpọ̀.

Ti sundew kò yàtọ̀. Ìrì lílẹ̀ tó ń dán lórí irun ewé rẹ̀ lè mú kantíkantí àti ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ewé ọ̀dọ́ tó ṣì ká jọ láàárín kò tíì ní ìrì kankan, ibẹ̀ sì ni aphid ń tẹ̀dó sí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Nínú igbó pàápàá, níbi tí kò sí ẹni tó gbìn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní 1965, Thomas Eisner àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ ìwádìí jáde nípa ìdin àfòpiná kékeré kan ní Florida tí kò ní oúnjẹ méjì ju sundew lọ. Ìdin náà á kọ́kọ́ mu ìrì lílẹ̀ orí irun, á jẹ irun, lẹ́yìn náà ló máa wá jókòó ti ewé. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní àbàtà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sundew lòun náà ń jẹ. Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àfòpiná Exyra a máa fi ife Sarracenia, tó yẹ kó jẹ́ sàréè rẹ̀, ṣe yàrá ìsùn. Bí ó bá pamọ síbẹ̀, àwọn ìdin kan nínú ìran rẹ̀ á ta òwú dí ẹnu ife náà, wọ́n á wá máa fi eyín ha ògiri rẹ̀ láti inú. Ẹ̀fọn kan sì wà, Wyeomyia smithii, tó jẹ́ pé inú omi ife Sarracenia purpurea ni tanwíji rẹ̀ ń dàgbà sí, láàárín òkú kòkòrò tí ewéko ń jẹ lọ́wọ́. Nígbà tí kòkòrò lè fi ikùn ewéko yìí ṣe ilé, kí ni aphid máa bẹ̀rù lẹ́yìn ewé?

Irọ́: Ewé tó ń wọ́, ebi ló ń pa á, ẹ fún un lẹ́ran

Ewéko ajẹkòkòrò tó rí oòrùn dáadáa lè lo oṣù mélòó kan láìjẹ kòkòrò kankan. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń se oúnjẹ bí ewéko yòókù. Kòkòrò kàn jẹ́ àfikún tí ilẹ̀ kò fún un ni. Bí ewé tuntun bá ń jáde ní wíwọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹni pé a ta oyin sí i, tí awọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní ìdí rẹ̀, aphid ló ń fa oje rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ìdí, kó tó là. Awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni funfun yẹn. Ẹran tí ẹ bá fi há pańpẹ́ lẹ́nu kò lè tún un ṣe. Á jẹrà ni, ewé á dúdú, òórùn rẹ̀ á sì pe kantíkantí wá.

Ohun tó yẹ kó kan yín lójú ni bí aphid ṣe ń pọ̀ sí i. Fún ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ọdún, abo wọn kò nílò akọ, kì í yé ẹyin, ó ń bí ọmọ láàyè ni. Ọmọ tó bá sì bí ti lóyún ọmọ tirẹ̀ láti inú ìyá. Níbi tó móoru, èyí tí a bí lónìí lè di ìyá láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá rí mẹ́ta, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ṣe nǹkan sí i.

Irọ́: Ohun tó ń gba ẹ̀fọ́ là á gba èyí náà là

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, nítorí ìmọ̀ tí àwa Yorùbá bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, bó ṣe dára tó, lè kó ewéko yìí sí wàhálà. Ẹni tó dàgbà nínú ilé tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kòkòrò bá ń lu ewé. Wọ́n á bu eérú ààrò, wọ́n á wọ́n ọn sórí ewé ní kùtùkùtù nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn á po ọṣẹ mọ́ omi. Àwọn mìíràn á gún ewé dóńgóyárò, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi rẹ̀ wọ́n oko. Ọgbọ́n gidi ni gbogbo rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò fara dà á, eérú náà tún ń bọ́ ilẹ̀ wọn.

Ẹ rántí irú ilẹ̀ tí flytrap ti wá. Omi òjò àti ilẹ̀ kíkan tí kò ní iyọ̀ ló mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ lára. Eérú kún fún kálísíọ̀mù àti potásíọ̀mù, ó sì ń pa kíkan ilẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan ṣoṣo tó máa tún ilẹ̀ ẹ̀fọ́ ṣe, gbòǹgbò flytrap ni yóò jó. Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Eérú èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é pẹ̀lú òróró. Eérú kan náà la tún gbé gba ẹ̀yìn wọlé yẹn. Ọṣẹ ìfọbọ́ kò sàn jù ú, nítorí iyọ̀ àti òórùn dídùn wà nínú rẹ̀, ó sì ń bó ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo ojú ewé. Lára sundew, á fọ ìrì lílẹ̀ dànù, orí irun ewé á sì gbẹ. Kódà ọṣẹ apakòkòrò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù òdòdó ní ilẹ̀ òyìnbó, potásíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Rósì lè gbà á. Ẹ má fi dán sundew wò.

Òróró dóńgóyárò yàtọ̀ díẹ̀. Nepenthes tí ewé rẹ̀ nípọn sábà máa ń fara dà á bí a bá là á dáadáa, tí a fọ́n ọn nírọ̀lẹ́, tí a kò sì jẹ́ kó wọ inú ife. Ṣùgbọ́n lórí sundew àti butterwort, òróró á bo ìrì, ewé náà kò sì ní lè mú nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá tò wọ́n pọ̀ sójú fèrèsé kan náà, kó kọ́kọ́ gbé sundew kúrò níbẹ̀.

Omi tí a fi po oògùn pàápàá lè jẹ́ májèlé. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù kún fún ẹfun. Ẹ wo funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù yín. Bí ẹ bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ kòkòrò dànù lára flytrap lójoojúmọ́, kòkòrò á lọ, gbòǹgbò á sì tẹ̀ lé e. Omi òjò ló dára jù, tàbí omi distilled. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ojú ọ̀run fún wa ní omi yìí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, kò sì yẹ kí a torí pé bọ́hòòlù wà nílé gbàgbé garawa lábẹ́ òjò. Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó ní kí ẹ da ajílẹ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀ kó lè lágbára láti bá kòkòrò jà. Ilẹ̀ tó ní ọ̀rá ni ikú rẹ̀.

Irọ́: Fílíìtì inú ilé kò ní ṣe é ní nǹkan kan

Kẹ́míkà tí wọ́n fi po oògùn inú agolo, àti gáàsì tó ń tì í jáde, a máa jó ewé. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni dichlorvos tí àwọn kan ń rọ sínú ìgò ìfọ́nmi, tí wọ́n ń fọ́n yí yàrá ká nítorí òdòdó kan. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n má ta oògùn yìí ní ike kékeré 100 ml mọ́, nítorí ẹ̀mí tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ lọ. Oògùn oko ni. Kò sí ewéko kan lórí fèrèsé tó tó ohun tí a lè torí rẹ̀ fọ́n ọn síbi tí ọmọ ń sùn.

Bí ó bá wá di dandan kí a lo kẹ́míkà, ẹ wá èyí tí àkọlé rẹ̀ sọ pé ti òdòdó inú ilé ni, tí kì í ṣe olóròóró tàbí ọlọ́ṣẹ, ẹ fi dán ewé kan ṣoṣo wò, kí ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣọ́ra fún irú èyí tí ewéko ń fà sára bí imidacloprid: European Union fòfin de lílò rẹ̀ níta gbangba ní 2018 nítorí oyin, Sarracenia tí ẹ bá sì gbé síta nígbà tó ń rúwé tuntun àti òdòdó, oyin ni yóò wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Òótọ́ tó dà bí irọ́: Ẹ lè rì í sínú omi fún ọjọ́ méjì

Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ èyí á ní ewéko náà máa kú. Kò ní kú. Pápá tí flytrap ti wá a máa kún fún omi lẹ́yìn òjò ńlá, ọmọ àbàtà sì ni sundew. Aphid ni kò lè pẹ́ lábẹ́ omi, nítorí ihò kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ló fi ń mí. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù: kò ná wa lówó, kò ní májèlé, kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ilẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gé ọ̀pá òdòdó rẹ̀ bó bá ní, torí aphid a máa kún orí rẹ̀. Ẹ rọ omi òjò tútù sínú garawa tàbí abọ́ jíjìn. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ilẹ̀ ìkòkò òdòdó náà kí erùpẹ̀ má baà léfòó, ẹ wá gbé gbogbo rẹ̀ sínú omi títí omi á fi bo ewé tó ga jù. Bó bá fẹ́ léfòó, ẹ gbé ife tánganran lé e. Ẹ rọra mì ín kí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ewé lè jáde, nítorí inú afẹ́fẹ́ yẹn ni aphid ń fara pamọ́ sí. Ẹ gbé garawa náà síbi tí oòrùn kò ti ní ta sí omi, kó má baà gbóná. Lẹ́yìn wákàtí 24 sí 48, ẹ yọ ọ́. Pańpẹ́ kan lè ti pa dé, ìrì sundew á sì ti ṣàn lọ. Pańpẹ́ á tún ṣí, ìrì á tún sẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nítorí àwọn tó bá ṣẹ́ kù.

Nepenthes kò sí lára èyí o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gun igi ni, wọn kì í gbé inú omi, omi ife wọn ni ikùn wọn. Ìka ọwọ́ àti omi tí ń ṣàn ni ẹ ó fi fọ ewé wọn. Sarracenia tó ga náà, fífọ̀ ló rọrùn jù fún un.

Ìdajì òótọ́: Kòkòrò ni kí a fi lé kòkòrò

Ó yẹ kí Ìbàdàn mọ ìtàn yìí ju ibikíbi lọ. Mealybug, kòkòrò tí ara rẹ̀ funfun bí òwú, wọ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Kóńgò ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i. Oko ẹ̀gẹ́ ni èyí ń jẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ oúnjẹ àìmọye ìdílé di òfo. Ní ilé iṣẹ́ IITA ní Ìbàdàn, Hans Rudolf Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fọ́n oògùn. Wọ́n wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà tí ẹ̀gẹ́ ti wá. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n tíńtín kan, Anagyrus lopezi, tó ń yé ẹyin sínú ara mealybug, tí ìdin rẹ̀ á sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Ní 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ẹ̀gẹ́ bọ́. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kòkòrò lè gbà wá lọ́wọ́ kòkòrò kò purọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà ni pé ẹ̀gẹ́ kì í jẹ olùgbàlà rẹ̀. Sundew ń jẹ ẹ́. Ẹ tú ladybird, tó ń jẹ aphid, sórí sundew, kí ẹ sì padà wá wò ó: ìrì lílẹ̀ kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Lórí flytrap ó lè rìn díẹ̀ kó tó bọ́ sínú pańpẹ́ tàbí kó fò lọ síbi dígí fèrèsé. Àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ń gbé inú ilẹ̀ nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, mo sì ń bọ̀ wá sórí wọn.

Mealybug ara Nepenthes àti Sarracenia, ọwọ́ ni a fi ń lé e. Ẹ rẹ òwú orí igi tí a fi ń ro etí sínú isopropyl alcohol 70%, ẹ fi kan kòkòrò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá funfun ara rẹ̀ á yọ́, á sì kú. Ẹ wo ìdí ewé, abẹ́ ìdérí ife, àti abẹ́ awọ gbígbẹ tó bo ìdí Sarracenia, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Scale, tó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá bí èépá tí kò mira, irú ìtọ́jú yìí náà ló ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ fi èékánná bó o kúrò kí ẹ tó fi òwú kàn án. Ẹ má fi ọtí yìí kan ojú ewé sundew. Bí ẹ bá sì rí èèrà tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lára ewéko náà, ẹ má rò pé torí àtikú sínú ife nìkan ni wọ́n ṣe wá. Èèrà a máa sin mealybug, aphid àti scale nítorí omi dídùn ìdí wọn, wọ́n á lé ọ̀tá àwọn kòkòrò náà, wọ́n á sì gbé ọmọ àwọn kòkòrò náà lọ sórí ewé tuntun. Ẹ dí ọ̀nà èèrà ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Irọ́: Flytrap kan ti tó láti lé ẹ̀fọn àti kantíkantí kúrò nílé

Pańpẹ́ kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 12 lórí oúnjẹ kan ṣoṣo, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ló sì lè pa dé kó tó kú. Kantíkantí dúdú tó ń fò lórí ilẹ̀ ìkòkò òdòdó kéré jù fún un. Sundew ilẹ̀ South Africa, Drosera capensis, àti butterwort ló ń mú wọn, ó sì dùn-ún wò bí ewé wọn ṣe máa ń kún. Ṣùgbọ́n èyí tó ti yé ẹyin kí ewé tó mú un ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Inú ilẹ̀ tútù ni ìdin wà, wọ́n ń jẹ olú àti ohun tó ti jẹrà, bí wọ́n bá sì pọ̀, wọ́n á bọ́ sórí gbòǹgbò ọmọ ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé ń gbà ẹni tó ní òdòdó nínú ilé ni pé kó jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ. Fún sundew, ìdájọ́ ikú nìyẹn. Ohun méjì ló wà tí kò ní pa á lára. Èkíní ni Bti, bakitéríà tí wọ́n rí ní 1976 nínú omi adágún kan ní aginjù Negev ní Ísírẹ́lì, tó ń pa ìdin kantíkantí àti tanwíji bí wọ́n bá jẹ ẹ́. A ó pò ó mọ́ omi òjò tí a ń bu sí i. Èkejì ni Steinernema feltiae, aràn tí ojú kò lè rí, tó ń wọ ara ìdin lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà, ìrì kò lè mú wọn.

Ní ilẹ̀ wa, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Abọ́ omi tí a ń gbé sábẹ́ ìkòkò kí ilẹ̀ má baà gbẹ, ẹ̀fọn fẹ́ràn rẹ̀. Aedes aegypti, tó ń kó ibà pọ́njú ràn wá, inú irú omi kékeré bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń yé ẹyin sí, nínú ooru wa sì rèé, ẹyin lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ da omi náà nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ bó inú abọ́, nítorí ẹyin a máa lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Ewéko tó ń gbé tanwíji mì wà ní Nàìjíríà ná: Utricularia ni, ó ń léfòó nínú omi dídúró, àpò kéékèèké ara rẹ̀ a sì máa fa tanwíji wọlé lójijì. Flytrap orí fèrèsé kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Irọ́: Oògùn kòkòrò á pa ohun gbogbo tó ń rìn lára ewé

Spider mite kì í ṣe kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ìbátan aláǹtakùn, ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa aphid kò sì ran án. Nígbà mìíràn oògùn náà á pa àwọn tó ń jẹ ẹ́, á wá di púpọ̀ sí i. Àmì rẹ̀ ni ewé tó ń pọ́n tó sì ní àmì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, pẹ̀lú òwú tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ewé. Gbígbẹ afẹ́fẹ́ ló ń pè é. Flytrap tó wà lókè ẹ̀rọ amúlé-móoru ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, àti èyí tó wà ní Ìbàdàn nígbà ọyẹ́, wàhálà kan náà ló lè bá wọn. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ fi omi òjò fọ ẹ̀yìn ewé, kí ẹ sì rì í sínú omi bí mo ṣe sọ.

Irọ́: Ewé tó dúdú, kòkòrò ló jẹ ẹ́

Pańpẹ́ tó gbó á dúdú, á kú, òmíràn á yọ. Nígbà òtútù, flytrap àti Sarracenia a máa sùn fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ewé wọn á sì lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn sí ohun tó ń sinmi. Àwọn funfun kéékèèké tó ń tọ lórí ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá bu omi sí i, springtail ni. Olú àti ìdọ̀tí ni wọ́n ń jẹ, sundew kéékèèké sì ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ọ̀nà tí gbogbo kòkòrò yìí sábà máa ń gbà wọlé ni ewéko tuntun. Ẹ gbé èyí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sí yàrá mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù fa ẹ̀yìn ewé rẹ̀ sún mọ́ tòsí, nítorí ojú lásán kì í rí aphid ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, tí ẹ rí ohun funfun bí òwú lára gbòǹgbò, ẹ fọ gbòǹgbò náà mọ́ pátápátá nínú omi òjò, ẹ fi ilẹ̀ tuntun gbìn ín, kí ẹ di ilẹ̀ àtijọ́ sínú àpò kí ẹ tó sọ ọ́ nù.